Iṣu Tí Wọ́n Gbé Lọ Bẹ Ọ̀gá

Ìyá Akin bu iṣu sísè sínú abọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, ó da epo lé e, ó gbé e síwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Kíkẹ́lọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Ó ti kúnlẹ̀ kí i bó ṣe ń kí i láràárọ̀. Ó jókòó, ó mú ẹyọ iṣu kan, ó sì dá a padà sínú abọ́. Bí ilé náà ṣe rí láti ọjọ́ Ìsinmi nìyẹn. Ẹni tó bá yà wọ́n ní Òkè-Ìlá, tó rí bí àwọn méjèèjì ṣe ń yẹra fún ara wọn nínú ilé ìdáná tí kò gba ju ènìyàn méjì lọ, á rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀.

Kò sí ẹni tó kú. Oríire ló wọlé.

Ilé ìwádìí kan wà ní ìlú òyìnbó tó máa ń mú àwọn òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn tó ti mọ iṣẹ́ wọn ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì darúgbó sẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n wá fi oṣù mẹ́wàá ṣe ìwádìí lórí bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń bá òmíràn lò. Fẹ́lóṣíìpù ni wọ́n ń pè é. Kíkẹ́lọmọ, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó, kọ̀wé sí wọn. Ohun tó fẹ́ wádìí kò ju èyí lọ: bí ìjọba bá ti ẹnubodè pa lọ́nà jíjìn, kí ló dé tó jẹ́ pé obìnrin tó ń ta ìrẹsì ní Ọjà Ọba ló kọ́kọ́ ń sunkún? Èrò tó kọ̀wé pọ̀ bí eṣú. Òun ni wọ́n mú.

Ohun kan ló kù. Kí ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé pé ìjọba yọ̀ǹda rẹ̀, pé àyè rẹ̀ á ṣì wà nígbà tó bá padà dé. Bí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i pé òun kò sí lábẹ́ agbanisíṣẹ́ kankan. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kí Kíkẹ́lọmọ tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọ̀gá, ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbé e dé iwájú pẹpẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Akin kó ẹgbẹ́ àwọn ìyá sẹ́yìn, ó jó lọ bá àlùfáà, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ fún gbogbo ìjọ pé ìyàwó òun ń lọ sí òkè òkun, pé òyìnbó ló ránṣẹ́ pè é. Ìyàwó ọ̀gá Kíkẹ́lọmọ wà ní ìjókòó iwájú. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

"Màmá, ẹ ò jẹun," Akínyẹlé wí bó ṣe jáde láti inú yàrá. Òun ni ọkọ Kíkẹ́lọmọ, olùkọ́ ni ní ilé ìwé girama kan lẹ́yìn ìlú.

"Ọ̀fun mi dí."

"Kò dí lọ́jọ́ Ìsinmi."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "Akin, oore tí Ọlọ́run ṣe nínú ulé mi, ṣé kí n gbé e sábẹ́ ibùsùn bí ẹrù olè ni? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni."

"Oore náà ò tíì délé, Màmá. Ẹ ti ń jó."

"Èmi ò mọ̀ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kó tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ẹnu àìmẹ́nu..." Akínyẹlé bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ìyókù òwe náà mì.

Ìyá rẹ̀ mọ ìyókù. Kíkẹ́lọmọ mọ̀ ọ́n. Ìmọ́lẹ̀olúwa, ọmọ wọn tó ń wọ bàtà ilé ìwé lẹ́nu ọ̀nà, náà mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó parí rẹ̀. Ìyá Akin gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó sì bọ́ sẹ́yìnkùlé.

"Mo ń lọ bá ọ̀gá," Kíkẹ́lọmọ wí. "Bí wọn ò bá fẹ́ rí mi, n ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn."

"Bí kò bá wá bọ́ sí i ńkọ́?" Akínyẹlé ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe, kò wo ojú rẹ̀. "Ìyẹn náà kì í ṣe ikú."

Kíkẹ́lọmọ gbé báàgì rẹ̀, ó lọ gun ọ̀kadà.

*

Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé, ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ dáírẹ́kítọ̀; ibẹ̀ ni Kíkẹ́lọmọ jókòó sí. Pamílẹ́rìn, akọ̀wé ọ̀gá, ní ọ̀gá ní àlejò. Nígbà tí àlejò lọ, Pamílẹ́rìn ní ọ̀gá ń ka fáìlì. Atẹ́gùn ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, Kíkẹ́lọmọ sì rí ọ̀gá tó ń pa ẹ̀pà sísè jẹ, tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Pamílẹ́rìn dìde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Iná kò sí láti àná, síbẹ̀ ó padà lọ tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tó ti kú bí ẹni tó ń kàwé lójú rẹ̀.

Oòrùn ti mú kí wọ́n tó pè é wọlé.

"Ará òkè òkun!" Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé wí. "A ti gbọ́ ìròyìn rẹ. Iwájú pẹpẹ la ti gbọ́ ọ."

"Ẹ má bínú, sà. Màmá ọkọ mi ni..."

"Èmi ò bínú o. Kí ló máa bí mi nínú? Ìyàwó mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní, 'Bàbá Doyin, ọmọ iṣẹ́ yín ń lọ sọ́dọ̀ òyìnbó, ẹ ò sọ fún mi.' Mo ní, 'Ọmọ iṣẹ́ wo?' Ó ní, 'Háà, ẹ ò mọ̀? Ẹ̀yin náà?' Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí iyán fi tutù lọ́wọ́ mi."

"Ìwé tí mo kọ wà lórí tábìlì yín láti ọjọ́ Ajé, sà."

"Ìwé yẹn ìbá ti wà lórí tábìlì mi kí ìyá yín tó jó. Ìlànà ni ìlànà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó pa ẹ̀pà kan, ó jù ú sẹ́nu. "Ó dáa. Doyin mi kàwé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè yìí gan-an. Ó wà nílé, fóònù ló ń tẹ̀. Àyè tí wọ́n fún ọ yìí, ṣé wọn ò lè fi ẹlòmíràn rọ́pò? Èkìtì kan náà kúkú ni gbogbo wa."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kíkẹ́lọmọ. Kò fẹ́ kó bọ́, àmọ́ ó bọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé ti abọ́ ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi lo ń fi rẹ́rìn-ín?"

"Rárá o, sà. Ènìyàn ni wọ́n yàn, sà. Kì í ṣe ìjókòó nínú mọ́tò."

Kò yẹ kó sọ ọ́ báyẹn. Ó mọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀gá fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan.

"Nílẹ̀ wa níbí," ó ní, "ọmọ tó bá ṣẹ àgbà kì í dá bẹ̀bẹ̀. Kí àwọn àgbà ilé yín wá rí mi. Ilé ni kí wọ́n wá, n kì í parí irú ọ̀rọ̀ báyìí ní ọ́fíìsì. Mo ti fẹ́ máa lọ."

"Sà, òní ló parí. Aago márùn-ún."

"Ẹ tètè wá nígbà náà."

*

Níwájú ilé wọn ni Fúnkẹ́mi aránṣọ ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo obìnrin tí kò níṣẹ́ lọ́sàn-án máa ń jókòó sí. Bí Kíkẹ́lọmọ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni Fúnkẹ́mi ti fi ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ìyàwó òyìnbó ti dé! Àǹtí Kíkẹ́, ẹ rántí o, sítóòfù gáàsì yín yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ fojú sí i."

"Èwo, èyí tó lójú méjì?" obìnrin kan dá a lóhùn. "O ti pẹ́. Mo ti bá Màmá sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn."

"Ẹ̀yin ń jà lórí sítóòfù. Ọkọ tó ń fi sílẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa bá wa ṣọ́ ìyẹn?" obìnrin kẹta bèèrè.

Ẹ̀rín pa wọ́n. Akínyẹlé, tó ti tètè dé láti ilé ìwé, ń ti kọ́rídọ̀ bọ̀ nígbà náà. Ó gbọ́. Wọ́n rí i pé ó gbọ́. Fúnkẹ́mi yára gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ, ó sì ń rán aṣọ tí kò sí níbẹ̀.

Nínú ilé, Kíkẹ́lọmọ sọ ohun tí ọ̀gá wí.

"Ilé rẹ̀?" Akínyẹlé ní. "Ká wá dọ̀bálẹ̀ nítorí pé àwa dúpẹ́?"

"Èmi ò lọ. Mi ò ṣe ohun tí mo máa bẹ̀bẹ̀ lé lórí." Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọ̀nà kejì ṣì wà."

Láti ọjọ́ Ìsinmi ni gbogbo wọn ti mọ ọ̀nà kejì yìí, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀.

"Kí o fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀?" Akínyẹlé ní. "Gbogbo ọdún tí o ti lò níbẹ̀? Owó oṣù tèmi ò tó gbé wa dé àárín oṣù, o mọ̀. Bí oṣù mẹ́wàá bá pé tí o padà dé, kí la máa jẹ? Ìwádìí?"

"Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ṣé oúnjẹ lẹ̀ ń sọ, àbí ohun tí wọ́n sọ níwájú ẹ̀rọ Fúnkẹ́mi?"

Akínyẹlé ń wo bàtà rẹ̀. Kíkẹ́lọmọ náà ń wò ó, bàtà olùkọ́ tí wọ́n ti tún ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe títí tí kò fi rántí bó ṣe rí nígbà tó wà ní tuntun.

Ìyá Akin wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ti fi ìborùn di ìbàdí. Ó kó iṣu mẹ́rin sínú báàfù kan, àwọn tó gùn tó sì wúwo, tí àbúrò rẹ̀ kó wá láti oko ní Ìlawẹ̀, tí òun sì ti yà sọ́tọ̀ fún iyán ọjọ́ Ìsinmi.

"Ẹyin lohùn," ó ní. "Tèmi ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ẹni tó fọ́ ọ ni yóò nu ilẹ̀. Akin, dìde."

"Màmá, uṣẹ́ yín kọ́ ni," Kíkẹ́lọmọ wí. Èdè àdúgbò rẹ̀ ló bọ́ sí i lẹ́nu, ìbínú ló mú un wá.

"Ìyàwó mi, ta ló bi ọ́?"

Yàtọ̀ sí ìkíni àárọ̀, ọ̀rọ̀ kìíní nìyẹn láàárín wọn láti ọjọ́ Ìsinmi. Kíkẹ́lọmọ dìde, ó gba báàfù lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá já wọn sílẹ̀ ní ọ̀nà Ìyìn, níwájú géètì dúdú. Ìyá Adédoyin, ìyàwó ọ̀gá, fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, òun náà jókòó kọjú sí wọn. Ọkọ òun ń jẹun, ó ní. Wọ́n ń gbọ́ òórùn ẹ̀gúsí. Wọ́n ń gbọ́ ìró ọwọ́ tó ń kan omi nínú abọ́.

Ní Èkìtì, bí ẹni tó ń jẹun bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lásán, á ní "ẹ wá jẹun." Kò pọn dandan kí inú rẹ̀ dùn sí i. Á sáà sọ ọ́. Ẹni tí kò sọ ọ́, ó ti sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀, kò sí ẹni tó pè wọ́n sí oúnjẹ, kò sí ẹni tó bu omi fún wọn. Iṣu mẹ́rin wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ jó o lọ́jọ́ Ìsinmi," Ìyá Adédoyin wí. "Mo ní, ṣé orúnkún tí wọ́n ní ó ń dùn wọ́n nìyẹn?"

Ìyá Akin fi orúnkún náà kan ilẹ̀. Ó pẹ́ kó tó balẹ̀. Ó di ògiri mú, ó fi ẹsẹ̀ kan kúnlẹ̀, ó wá kó èkejì tẹ̀ lé e.

"Ẹ bá wa bẹ ọkọ yín," ó ní. "Èmi ni mo ṣẹ̀. Ayọ̀ ló pa mí. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Háà! Ẹ dìde o, Màmá! Ẹ tó bí mi lọ́mọ, ẹ má ṣe mí báyìí!"

Ó sọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ ó wà lórí ìjókòó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí itan rẹ̀. Kò nà wọ́n.

Akínyẹlé dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta, Kíkẹ́lọmọ nìkan ló kù lórí ìjókòó. Ó wo ẹ̀yìn ọrùn ìyá ọkọ rẹ̀, níbi tí gèlè kò ti bo awọ tó ti hunjọ. Òun náà kúnlẹ̀. Kì í ṣe nítorí ọ̀gá. Kò fẹ́ kí ìyá náà dá wà nílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé jáde, ó ń ta eyín. "Kí lèyí? Ẹ dìde, ẹ dìde. Ọ̀rọ̀ ti tán. Àgbà ni mí, mo ti dárí jì í."

"Ẹ ṣeun, sà," Akínyẹlé wí láti ilẹ̀.

"Kó wá rí mi lọ́jọ́ Ajé. N ó fọwọ́ sí i."

Kíkẹ́lọmọ gbójú sókè. "Sà, aago márùn-ún òní ni."

"Òǹtẹ̀ wà ní ọ́fíìsì. Pamílẹ́rìn ti tì í, ó ti gba ibi ìnáwó lọ ní Ìkẹ́rẹ́."

"Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́, sà. Ẹ kàn fọwọ́ sí i. N ó ya fọ́tò rẹ̀ níbí, n ó fi ránṣẹ́, ọjọ́ Ajé ẹ lu òǹtẹ̀."

"Ìwé ìjọba láìsí òǹtẹ̀? Ìwọ tó kàwé!" Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé àwọn òyìnbó yẹn ò lè dúró de ọjọ́ Ajé ni? Ṣebí àwọn ló ránṣẹ́ pè ọ́."

Ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Akin di ògiri mú, ó dá ara rẹ̀ gbé dìde. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ó rìn lọ síbi iṣu mẹ́rin náà, ó tún wọn tò sínú báàfù, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e.

"Màmá!" Akínyẹlé pariwo. Ta ló gbọ́ ọ rí? Ohun tí a ti gbé fún ènìyàn!

"Kí lẹ̀ ń ṣe?" Ìyá Adédoyin ti dìde báyìí. Ó ti rántí pé òun lẹ́sẹ̀.

"Uṣu ẹ̀bẹ̀ ni mo gbé wá. Ẹ ò gbà."

"A gbà á o! Ọjọ́ Ajé la wí!"

"Uṣu yìí ò dúró de ọjọ́ Ajé." Ó gbé báàfù lé orí. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti rí àgbà. Ó dàbọ̀ o."

Kò kúnlẹ̀ kí wọn. Ó jáde ní géètì, ọrùn rẹ̀ le lábẹ́ ẹrù, ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì ń sáré tẹ̀ lé e.

*

Wọ́n ti fẹ́ dé Òkè-Ìlá kí Akínyẹlé tó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín nínú kẹ̀kẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bo ojú. "Ẹ gba iṣu padà," ó ń wí. "Màmá, ẹ gba iṣu padà lọ́wọ́ dáírẹ́kítọ̀."

"Kí n fi sílẹ̀ kí wọ́n máa fi rí mi fín?" ìyá rẹ̀ ní, àmọ́ ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín náà mú òun náà. Kíkẹ́lọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo aago lórí fóònù rẹ̀, omijé sì ń bọ́ sórí rẹ̀.

Aago mẹ́rin ti kọjá nígbà tí wọ́n wọlé. Ìyá Akin lọ tààrà sẹ́yìnkùlé, ó mú ọ̀bẹ, ó sì ń bẹ iṣu. Kíkẹ́lọmọ jókòó sí tábìlì ìjẹun, ó gbé fóònù síwájú. Kò tẹ nǹkan kan.

Ìyá náà sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé láìgbójú sókè.

"Nígbà tí mo bí Akin, àdúrà tí mo gbà ni pé kí ọmọ mi jẹun lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tó fẹ́ ọ, mo gbà á fún ìwọ náà." Ó ju iṣu tó bẹ sínú omi. "Mo kúnlẹ̀ fún ìjọba lónìí. Mo rí ojú rẹ̀. Kọ ọ́, ìyàwó mi."

Kíkẹ́lọmọ wo ọkọ rẹ̀.

Akínyẹlé kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ lórí tábìlì. "Fi tèmi ránṣẹ́," ó ní. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìrẹ kì í mú lápá ibí."

"Ẹ̀rù ò bà yín mọ́?"

"Ó ń bà mí. Kọ ọ́."

Kíkẹ́lọmọ kọ èyí tó máa lọ sí ọ́fíìsì ṣáájú, ìlà díẹ̀, pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti òní. Kò fi ẹ ṣeun kún un. Lẹ́yìn náà ló kọ èkejì sí ilé ìwádìí, pé òun kò sí lábẹ́ agbanisíṣẹ́ kankan. Nígbà tó tó àkókò àtitẹ̀ ẹ́ kó lọ, àmì kékeré náà ń yí, ó ń yí, kò lọ. Akínyẹlé gbé fóònù náà lọ sójú fèrèsé, ó nawọ́ rẹ̀ síta. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, èjìká wọn kan ara wọn, wọ́n ń wo ohun kékeré tó ń yí.

Níta lábẹ́ fèrèsé, ìyá ti da iṣu gbígbóná sínú odó.

"Màmá!" Fúnkẹ́mi ti ń nàgà lórí ògiri. "Mo rí i pé ẹ jáde, ẹ sì tún gbé iṣu dé. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó ti bọ́ sí i? Ṣé ká máa jó?"

Ìyá Akin wo ojú fèrèsé. Ó rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó nà síta, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀. Ó rí bí ojú náà ṣe yí padà lójijì, bí Kíkẹ́lọmọ ṣe fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, bí Akínyẹlé ṣe fa fóònù wọlé tó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìwé náà ti lọ.

"Màmá, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o! Kí ló dé?"

Ìyá Akin gbé ọmọ odó sókè.

"Iyán là ń gún, Fúnkẹ́mi," ó ní. "Wá jẹun."